Àmì Orí JA

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin afọ̀dàkọ̀wé ni mí. Pátákó ṣọ́ọ̀bù, ara ọkọ̀, gíláàsì onígbàjámọ̀, ògiri ilé-ìwé, gbogbo ibi tí ọ̀dà bá ti lè dì mọ́ ni mo ti kọ̀wé sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo fi kúrò nílé-ìwé, èyí tó kù, ojú ni mo fi jí i kọ́. Àmì ohùn gan-an, inú ìwé kan tí èkúté ti jẹ ìdajì rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ: dò, re, mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nídìí ọ̀dà kì í fi àmì sí nǹkan kan. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń wò ó. Èmi á fi sí i. Tẹ́ ẹ bá sì gbé pátákó tí ò lámì síta, màá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, màá kà á bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, lóhùn rara, títí àwọn oníbàárà yín á fi máa di ikùn mú. Onígbàjámọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí kò kí mi fún ọdún méjì gbáko nítorí irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀. Alámì ni wọ́n ń pè mí. Mo rò pé oyè ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi. Nígbà tí Ọlọ́run ń pín ẹ̀bùn fún àwa méjèèjì, kò dàrú rárá: ó fún mi ní ẹnu, ó fún un ní ọwọ́. Aṣọ́lé ni, nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa tó wà ní líìgì àgbà. Ogún ẹgbẹ́ ló ń gbá a, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìdínlógójì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ á já sí ìpele kejì. Ọwọ́-Àtè ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń pè é, torí bọ́ọ̀lù tó bá ti kàn án lọ́wọ́, bí ẹyẹ tó bà lé àtè ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí sáà tí mò ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Kò fi pamọ́ fún mi. Ó ní tí ẹgbẹ́ bá já, wọn ò ní mú òun dání lọ sísàlẹ̀, ẹgbẹ́ kankan lókè ò sì ní gba aṣọ́lé tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Sáà kan péré sí i ló ń wá. Orúkọ rere ló sì fẹ́ fi parí ẹ̀.

Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, alága ẹgbẹ́ kó àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ, ó ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan wá tí wọ́n máa kọ sára ògiri tó wà lẹ́yìn ojú ilé tí aṣọ́lé ń ṣọ́, nínú pápá ìṣeré. Gbogbo wọn ń wo bàtà ara wọn. Àbúrò mi, tí kì í sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lóòjọ́, ló lanu, ó ní, lọ́dún yìí, a ó jà. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó kù àti alága ò gbọ́ ìparí rẹ̀ yanjú, wọ́n ṣáà pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi, ẹnu òun fúnra ẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Mo máa kọ lẹ́tà tán pátá, kí n tó wá fi àmì sí i gbẹ̀yìn, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀. Páálí kan ni mo ní tí mo lu ihò àmì sí lára. Ojú páálí ni òkè. Tí mo bá dojú ẹ̀ dé, tí mo lo ẹ̀yìn, ó di ìsàlẹ̀. Páálí kan, iṣẹ́ méjì. Èmi ni mo gbọ́n ọn, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi mí.

Lọ́jọ́ yẹn, mo ti kọ lẹ́tà tán, ó ku àmì ìgbẹ̀yìn, ti orí JA, páálí wà lọ́wọ́ mi, ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bá dé. Ó ní ta ló ní kí n gbé àkàbà lé koríko òun. Àbí ẹ rí nǹkan? Mo yíjú padà lórí àkàbà, mo dá a lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà rẹ̀, mo kan fèrè ọrùn rẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ dé bàtà. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, ọ̀gbẹ́ni náà ti dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Inú mi dùn. Mo kọjú sí ògiri, mo gbá páálí mọ́ ọn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án pẹ́, mo sọ̀kalẹ̀. Ohun tó wà lára ògiri rèé:

LỌ́DÚN YÌÍ, A Ó JÁ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè, ẹ ti rí i. Jà ni ti oníjà. Já ni ti okùn, ti èso orí igi, àti ti ẹgbẹ́ tó ń lọ sí ìpele kejì. Mo fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ ní lẹ́tà tó ga tó tábìlì, nínú pápá ìṣeré tiwa fúnra wa, pé lọ́dún yìí àwa á já. Mo wá sún sẹ́yìn, mo fọwọ́ mú ìbàdí, mo ní, Alámì, o ò ní kú sípò òṣì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó rí i. Odidi ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń pariwo pé kí àwọn èèyàn máa wo àmì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò gbọ́ mi lẹ́nu. A borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, a gbá ọ̀kan ní ọ̀mì. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí Tíṣà fi dé.

Tíṣà yìí ti fẹ̀yìn tì. Àgbà ọkùnrin tí kì í jáde láìmú agboòrùn lọ́wọ́. Èmi náà ni mo ti ka pátákó ilé-ìwé rẹ̀ síta nígbà kan, lójú àwọn òbí ọmọ. Nítorí náà, bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àlàáfíà lásán ló gbé e wá. Ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ìyá wa, ó jókòó, ó tún agboòrùn ká dáadáa. Ó wá ní, “Alámì, ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn, ṣé ohun tó o fẹ́ kọ nìyẹn?”

Kò tíì sọ èyí tó kù tí mo ti rí i. Mo rí páálí yẹn lójú ọkàn mi, mo rí ọwọ́ mi bó ṣe gbá a mọ́ ògiri. Ká ní mo sọ pé, háà, Tíṣà, mo ṣì í kọ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Màá gbé àkàbà, màá pa á rẹ́, ìtàn á parí síbí, kálukú á lọ sílé ẹ̀. Àmọ́ oníbàárà mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni onígbàjámọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo wo ojú rẹ̀. Mo rí i pé ọdún méjì ló ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ yẹn. Ẹnu mi ṣí fúnra ẹ̀. Mo ní “já” ni mo kọ, “já” ni mo sì ní lọ́kàn: a ó jáwé olúborí. Ààyè ló tán lára ògiri.

Tíṣà mú agboòrùn rẹ̀, ó dìde. Ó ní, “Ewé náà dà?”

Ẹ ò ní gbà gbọ́, mo lọ fi ọ̀dà ya ewé náà sára ògiri lọ́jọ́ kejì. Ewé tútù yọ̀yọ̀, tó ní iṣan, tó ní ìrì lórí. Mi ò ya nǹkan tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn kan máa ń jìn sí kòtò, wọ́n á ké gbà mí. Èmi jìn sí i, mo ní kí wọ́n bá mi na ṣọ́bìrì.

Ewé yìí ni alága rí tó fi ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì rẹ̀, oníròyìn rédíò kan ti jókòó tì í. Alága ní ta ló ṣèlérí olúborí. Ó ní ipò kẹrìndínlógún lẹgbẹ́ òun ṣe lọ́dún tó kọjá, ohun tí òun ń tọrọ kò ju pé kí wọ́n má já lọ, ta ló wá bá òun gbé ewé sára ògiri? Oníròyìn yọ bírò. Mo tún láyè láti sọ òótọ́. Ààyè náà fẹ̀ bí títì. Mo ní kí wọ́n bi aṣọ́lé wọn. Mo ní òun ló sọ ọ́ pé a ó jáwé olúborí, iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ọ́. Nígbà tí mò ń lọ sílé, mò ń tan ara mi pé iyì ni mo bù fún àbúrò mi. Irọ́ ni. Ẹni tí mo máa sá sẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń wá, mo sì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni rédíò gbé e. Ọwọ́-Àtè ṣèlérí ife líìgì.

Ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ ìdánrawò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jókòó.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“O sọ ọ́. O ti gbàgbé ni.”

“A ó jà ni mo sọ.”

“Jà, já, kí ló wà láàárín wọn?”

Èmi o. Èmi Alámì ni mo la ẹnu mi yìí sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi wò mí bí aṣọ́lé ṣe ń wo bọ́ọ̀lù tó ti wọ àwọ̀n tán, tí kò sí ìdí láti fò mọ́. Ó lọ. Kò tún tẹ ilé mi mọ́ ní gbogbo sáà yẹn. Tá a bá pàdé lójú ọ̀nà, á kí mi: ẹ káàárọ̀, mà. Bí ẹni ń kí akọ̀wé ilé ìfowópamọ́.

Láti ìgbà náà ni sáà ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó bá wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa máa ń di ewé gbígbẹ sínú àpò wá. Tí góòlù bá ti wọlé, wọ́n á fọ́n ọn sí ojú ilé rẹ̀, wọ́n á máa kọrin pé ewé já, ewé já, olúborí dà? Ìgbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn là ń lọ bá nílé wọn, ewé ti ń dúró dè é níbẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Góòlù tí kò sí aṣọ́lé tó lè mú un, tó bá ti wọlé rẹ̀, rédíò á rán àwọn èèyàn létí ìlérí. Ní ìdajì sáà, akọ́nimọ̀ọ́gbá yọ ọ́, ó gbé aṣọ́lé kejì sójú ilé. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, ìka aṣọ́lé kejì kán, wọ́n tún pè é padà. Nígbà yẹn a ti wà ní ipò kẹtàdínlógún. Ẹgbẹ́ ń wá àmì kan ṣoṣo kiri tábìlì líìgì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, èmi rèé, mo ti fi àmì kan ṣe wọ́n léṣe.

Ẹ má rò pé mo dákẹ́ o. Ẹni tó bá bi mí, mo ní èsì fún un. Mo sọ fún alápatà pé ewé kì í hù lóòjọ́. Mo sọ fún onígbàjámọ̀ pé orí tó ń fá ni kó gbájú mọ́. Ìyá wa bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ló ń purọ́ nínú àwa ọmọ òun méjèèjì. Mo ní, “Màámi, bọ́ọ̀lù ò yé yín.” Wọn ò bi mí mọ́. Àmọ́ èmi tí mi ò bẹ̀rù ẹnì kankan yìí, oṣù márùn-ún ni mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé ọjà lọ síbi iṣẹ́, kí n má bàa gba ẹnu géètì pápá kọjá, níbi tí ìkọ̀wé ara mi ti hàn síta.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrìndínlógójì ni Màámi ní àwọn fẹ́ lọ wò. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, èmi ni mo gbọ́dọ̀ mú wọn lọ. Abẹ́ ògiri gan-an ni wọ́n fi wá jókòó sí, ewé mi wà lókè orí mi rekete. Kí rẹfirí tó fọn fèrè, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀tá tú àpò. Ewé gbígbẹ bo ojú ilé. Mo ń retí kí àbúrò mi bú wọn, ká lè jọ bú wọn. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìgò omi rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá ń fi ìbọ̀wọ́ ńlá yẹn ṣa ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbọ̀wọ́ yẹn ò ṣeé fi ṣa nǹkan kékeré. Ewé á bọ́, á tún mú un. Orúnkún rẹ̀ ń dún, mo gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Màámi ò wo ojú mi. Wọ́n ní, “Ẹni tó da ewé sílẹ̀ kọ́ ló ń ṣà á.”

Ọ̀mì la gbá lọ́jọ́ náà, ọ̀mì náà la gbá nínú èyí tó tẹ̀ lé e, lájò. Ó ku ẹyọ kan, nílé wa. Tá a bá gbá ọ̀mì, a ò já. Tí wọ́n bá nà wá, a já.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìkẹyìn náà, mo lọ kan ilẹ̀kùn Tíṣà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá bá mi di àkàbà mú.” Kò béèrè ìdí. Ó mú agboòrùn. Nígbà tá a dé pápá, èrò ti ń tò lẹ́nu géètì. Ẹ̀ṣọ́ ọjọ́ kìíní yẹn ṣílẹ̀kùn fún wa, kò sọ̀rọ̀ koríko, èrò sì ya wọlé tẹ̀ lé wa. Mo gun àkàbà, mo fi ọ̀dà funfun pa ewé mi rẹ́, àti iṣan àti ìrì. Ariwo bá sọ. Àwọn kan ní kí ni mò ń ṣe, àwọn kan ní mo fẹ́ ba oríire wọn jẹ́ lọ́jọ́ tó le. Oníròyìn rédíò náà sáré dé, ó na máìkì sókè sí mi. Mo wo ilẹ̀, mo rí onígbàjámọ̀ láàárín èrò. Nígbà yìí, mo sọ ọ́ lójú rẹ̀:

“Mo ṣì í kọ. ‘Jà’ ni àbúrò mi sọ. Èmi ni mo kọ ‘já’, èmi náà ni mo purọ́ pé òun ló sọ ọ́. Kò ṣèlérí ife fún ẹnikẹ́ni.”

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tí mo sọ níta láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyẹn, oṣù mẹ́sàn-án ni mo sì fi rù ú. Mo pa àmì àtijọ́ rẹ́, mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ní láti ìsàlẹ̀ àkàbà, “Ìsàlẹ̀ o.”

“Mo mọ̀, sà.”

“O mọ̀ nígbà yẹn náà.”

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ náà, ẹ bi ẹni tó bá wà níbẹ̀. Àbúrò mi fò bí ẹni tí wọ́n yọ ọdún mẹ́wàá kúrò lára rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lókè, ó mú un. Èyí tó ń gba ilẹ̀ wọlé, ó nà sí i. Lẹ́yìn ìsinmi, ojú ilé kejì ló bọ́ sí, tó kọjú sí ògiri mi. Rẹfirí fún àwọn ọ̀tá ní pẹ́nátì, àbúrò mi fò sápá òsì, ó gbá a dànù. Mo dìde, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó yí mi ká pé ṣé wọ́n rí i, pé ògiri ló ń kà, pé àmì mi ló ń fún un lágbára. Mo ń fọwọ́ lu àyà.

Ní ìṣẹ́jú kọkàndínláàádọ́rùn-ún, àwọn ọ̀tá gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára, tí àbúrò mi ti ṣí ọwọ́ sílẹ̀ dè. Ẹ̀yìn agbábọ́ọ̀lù tiwa ló bà, ó yà, ó yí wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fèrè dún. A já.

Gbogbo èèyàn yíjú padà. Wọ́n wo ògiri, níbi tí JÀ ti ń dán, tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Wọ́n wá wo èmi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Alámì, ìgbà tó o kọ òótọ́ síbẹ̀ lo tún lọ pa á rẹ́.” Àwọn tó ń sunkún bú sẹ́rìn-ín. Mo lanu láti dá a lóhùn. Mo wá inú ẹnu náà títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, àbúrò mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dojú garawa ọ̀dà dé, ó jókòó lé e. Ẹgbẹ́ ti sọ fún un pé ó dàbọ̀. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo sọ ọ́ lójú èrò, pé nínú yàrá ìmúra làwọn ti gbọ́ ọ lórí rédíò, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wá bọ òun lọ́wọ́. Mo tún un sọ fún un. Ó nira ju tọ́jọ́ yẹn lọ, torí kò sí èrò tí mo lè máa wò. Mo ní, “Mo ṣì í kọ. Mo wá fi ẹ́ bo ara mi. Má bínú.” Ó mi orí.

Èmi tí mi ò ní kọ́gbọ́n, mo tún bi í pé àbí ògiri yẹn kọ́ ló fún un lágbára lẹ́yìn ìsinmi. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú. Ó ní oòrùn ló wà lójú òun lọ́jọ́ náà. Ó ní láti ojú ilé kejì, òun kì í rí lẹ́tà tán, ká má tíì sọ àmì. Ó ní òun ò ka ògiri náà rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Ó ní ewé kọ́ ló dun òun, orin kọ́. “Ẹ ní kí ló wà láàárín jà àti já. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, nígbà tí mo wà ní kékeré.”

Mi ò lésì. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá. Ó ti rí pápá kékeré kan, ó fẹ́ máa dá àwọn aṣọ́lé lẹ́kọ̀ọ́, kí n bá òun kọ pátákó: Ibí la ti ń kọ́ aṣọ́lé. Mo ní kó lọ wá afọ̀dàkọ̀wé mìíràn, èyí tí kì í bá èèyàn jà lórí àkàbà. Ó ní àwọn yẹn kì í fi àmì sí i. Ó ní tí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé ibi tí òun ti ń kọ aṣọ́lé sílẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó máa wá.

Mo kọ lẹ́tà tán. Mo ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi, kó rọra sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó sọ ọ́. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo tún gbé e sílẹ̀, mo ní lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ń ṣú lọ.”